Ọ̀já Tí Memunat Fi Di Ajá

Bí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí ẹ ń wá Memunat, ẹ má wulẹ̀ fi orúkọ àbísọ da ara yín láàmú. Ẹ béèrè Ìyá Alájá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà kọ́kọ́ bínú sí orúkọ yìí. Ó ní òun bímọ, Nusrat ni ọmọ òun ń jẹ́, Ìyá Nusrat ni kí wọ́n máa pe òun. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Alájá lọ. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni òun náà, ó mọ̀ pé ẹni tó bá bá àdúgbò jà lórí orúkọ, òmíràn ni wọn yóò tún fi kún un. Ó bá gba kámú.

Agbolé tó ń gbé yìí náà ni wọ́n bí i sí, ní ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta sẹ́yìn. Ó kúrò níbẹ̀ nígbà tó lọ ilé ọkọ ní Ìdúmágbò, ó sì padà síbẹ̀ nígbà tí ọkọ kú. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi gbálẹ̀, tó fi nulẹ̀, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì fi ara rẹ̀ pe nọ́ọ̀sì rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá rí abẹ́rẹ́ tó figbe ta, tó ń ta ẹsẹ̀ bíi kó fọ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn nọ́ọ̀sì a ní, "Ẹ bá wa pe Memunat." Memunat á fi mọ́ọ̀pù ti ògiri, á wá jókòó ti ọmọ náà. Kì í sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó gbà pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí a wá ń pàṣẹ fún pé kó má bẹ̀rù, ìyà rẹ̀ la kàn ń dá kún.

Àbúrò rẹ̀ ló kó o sí ọ̀rọ̀ ajá. Àrẹ̀mú ni àbúrò náà ń jẹ́, jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú agbolé. Nígbà tí olè jí ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, Àrẹ̀mú lọ gbé ọmọ ajá kan wálé, ajá pupa tí etí rẹ̀ kan nà ró tí èkejì wó lulẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Panumọ́. Bí Yorùbá bá fẹ́ bá aládùúgbò wí tí kò sì fẹ́ ìjà, ajá ló ń sọ lórúkọ. Àwọn tí Àrẹ̀mú ń bá wí ni àwọn tí kò yéé bi í pé ìgbà wo ni yóò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Láràárọ̀ ló ń pe ajá rẹ̀, "Panumọ́! Panumọ́!", àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì ń gbọ́.

Ní ìparí ọdún kan, lẹ́yìn tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Àrẹ̀mú. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ní àkókò tí Àrẹ̀mú máa ń palẹ̀ iṣẹ́ mọ́, Panumọ́ á lọ jókòó síwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa, á máa wò ó. Memunat kò fẹ́ràn ajá, kò sì purọ́ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà máa ń wo ilẹ̀kùn yẹn ní ìrọ̀lẹ́. Nínú agbolé tí èèyàn tó lé ní ogójì ń gbé, àwọn méjì péré ló kù tí wọ́n ṣì ń retí Àrẹ̀mú, ọ̀kan nínú wọn sì ní ìrù. Ìdí nìyẹn tó fi ń fún un lóúnjẹ.

Ajá nínú agbolé Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àwọn alfa kan wà tí wọ́n ní nínú ìlànà Màlíkì tí àwọn bàbá wa ń tẹ̀lé, ara ajá kì í ṣe ẹ̀gbin, pé abọ́ tó bá lá ni kí á fọ̀ lẹ́ẹ̀meje. Àwọn mìíràn ní ẹ̀gbin ni látòkè délẹ̀. Ní agbolé Memunat, èyí tó le jù ni wọ́n mú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ohun gbogbo. Wọ́n ní ajá gbígbẹ kò ní wàhálà púpọ̀. Ajá tó bá tutù ni kò gbọdọ̀ kan aṣọ tí èèyàn fẹ́ fi kírun. Memunat fúnra rẹ̀ ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ní igi gígùn kan, ó sì ní abọ́ ajá lọ́tọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lásán kò kan Panumọ́ rí.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ajá tútù ni ìṣòro, agbolé pinnu pé Panumọ́ kò ní tutù mọ́. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ra páànù tuntun, wọ́n kan ilé kékeré kan fún un sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Páànù lórí, páànù lọ́tùn-ún, páànù lósì, páànù lẹ́yìn. Ilé náà ń dán yinrin. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó, wọ́n ní ajá yìí ríre, ó kọ́lé kó tó di pé àwọn kan kọ́lé. Wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fi í síbẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Panumọ́ ń bẹ̀rù ààrá. Àrẹ̀mú mọ̀. Bí òjò bá ti ṣú, a máa mú ajá náà wọ ṣọ́ọ̀bù, a sì tan ọ̀kan nínú jẹnẹrétọ̀ tó ń tún ṣe kí ariwo rẹ̀ lè bo ti ààrá. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí irú ọkùnrin tó jẹ́ nìyẹn, ó sì kú pẹ̀lú rẹ̀ nínú.

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù kẹta. Àwọn tó ń gbé Èkó mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ kì í wá ní jẹ́jẹ́. Ààrá ló kọ́kọ́ sán, òjò tẹ̀ lé e, ó sì dà lé páànù tuntun yẹn lórí. Ní àkókò kan náà, àwọn ọkùnrin agbolé ń kírun Alásárì nínú mọ́ṣáláṣí ràtíbì, mọ́ṣáláṣí kékeré ti agbolé, tó wà ní ọwọ́ iwájú. Bíríkì àtijọ́ ni ògiri mọ́ṣáláṣí náà, ó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, kò sì sí ibi tó dákẹ́ tó o ní gbogbo agbolé. Panumọ́ já okùn, ó gba ibẹ̀ lọ. Ó gba àárín sáfú, ìlà àwọn tó ń kírun, kọjá, ó tutù rinrin, ó dé ọ̀dọ̀ lèmọ́mù tó forí kanlẹ̀, ó sì ki ara rẹ̀ bọ abẹ́ ikùn rẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Jíbrílù ni lèmọ́mù náà, òun náà ni olórí ẹbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Memunat ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n fọ kápẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì, lẹ́ẹ̀meje, pẹ̀lú iyanrìn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe Memunat sí pálọ̀ rẹ̀.

"Memunat, o mọ̀ pé mi ò kí ń bá ẹ jà."

"Mo mọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ajá ẹ wọ abẹ́ jálàbíyà mi nínú ìrun. Mo rò pé ọlọ́jọ́ ló dé. Mi ò rántí ohun tí mò ń kà mọ́."

"Ẹ má bínú, sà."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Nínú ìrun o, Memunat!"

Memunat ń wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbójú sókè pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rín ni yóò bọ́ lẹ́nu òun, ọ̀rọ̀ á sì bàjẹ́ pátápátá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní chance kan," ló wí.

"Mo fún ẹ. Ẹyọ kan. Tó bá tún fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kan péré wọ mọ́ṣáláṣí yẹn, màá ránṣẹ́ sí ọkùnrin Òbálẹ́ndé yẹn kó wá mú un. Final."

Kò sí ẹni tí kò mọ ọkùnrin Òbálẹ́ndé. Ajá ló ń rà, kì í sì í rà wọ́n láti ṣọ́lé. Ẹ̀rín kúrò lójú Memunat. Ó dé yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sọkún díẹ̀, ó nu ojú, ó wá bínú sí ara rẹ̀ pé nítorí ajá.

Òjò kejì ló là á lójú. Ó ti so Panumọ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n, ó sì fẹ́ ti oúnjẹ sí i nínú ilé páànù, ni òjò bá bẹ̀rẹ̀. Memunat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki orí bọ inú ilé náà kó má bàa rẹ. Háà! Ariwo tó gbọ́ níbẹ̀ dà bíi pé wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ lé e lágbárí. Nígbà tí ààrá wá sán, páànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀n, eyín òun fúnra rẹ̀ gbọ̀n. Ó fa orí yọ kíákíá. Panumọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ ni wọ́n kọ́ ilé yìí fún?" ni Memunat bi í. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kọ́lé fún mi."

Ibi tó rántí ni abẹ́ àtẹ̀gùn ilé ńlá, níbi tí àwọn ẹbí ń kó ìdọ̀tí sí láti ayé bàbá wọn: ìkòkò tó fọ́, ẹní tó gbó, ẹsẹ̀ àga tí kò ní àga. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kó o mọ́. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì mẹ́rin lé ara wọn, ó fi aṣọ nípọn bo ẹnu rẹ̀. Kò fi okùn so ajá náà síbẹ̀. Ó kàn ń gbé orí ẹja síbẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò sì gbé oúnjẹ síbòmíràn mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí Panumọ́ kò bá sí níwájú ṣọ́ọ̀bù Àrẹ̀mú, abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà.

Ìyẹn nìkan kò tó. Bí ààrá bá sán, ó ṣì ń sáré káàkiri agbolé bí ẹni tí iná ń jó, Memunat á sì máa sáré tẹ̀ lé e, á ti ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Ó wá rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ tó bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gún un kọ́ ni Memunat ń bá a sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ó ti fún un ní síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ọmọ á máa fi í fọ́n omi, á máa rẹ́rìn-ín. Ó pe Nusrat tó wà ní Ìlọrin lórí fóònù.

"Nusrat, bá mi wá ààrá."

"Màámi, kí lẹ wí?"

"Ariwo ààrá. Èyí tí mo lè máa tẹ̀ lórí fóònù. Fi ránṣẹ́ sí WhatsApp mi."

Nusrat rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó fi ránṣẹ́. Memunat bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ààrá náà fún Panumọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bó bá ti gbé orí ẹja sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ fi etí ti fóònù kó tó gbọ́. Bí ajá bá jẹun láìwẹ̀yìn, lọ́jọ́ kẹrin á gbé e sókè díẹ̀. Bí etí tó dúró yẹn bá wó, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará ilé sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Ìyá Alájá ti dá ilé kéwú sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ní, kò sì tíì kọjá álífù. Memunat ní kò burú, gbogbo wọn náà, álífù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan kò sì kúrò níbẹ̀ títí dòní.

Òun náà ló ronú kan ọ̀já. Kò sí abiyamọ tí kò mọ̀ pé ọmọ tó ń ké, bí a bá ti pọ̀n ọ́n tí a fún ọ̀já mọ́ ọn dáadáa, ó ń dákẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó mú ọ̀já àtijọ́ kan láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó fi yí àyà àti ikùn Panumọ́ ká lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó, kò le jù, kò dẹ̀ jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ajá náà jẹ etí ọ̀já. Lọ́jọ́ kẹta, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sùn. Ibẹ̀ ni Hàlímọ̀, ìyàwó Jíbrílù, ti bá wọn.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀já ọmọ kọ́ lẹ fi pọn ajá yẹn?"

"Mi ò pọ̀n ọ́n, ìyàwó wa. Mo dì í ni."

"Ọ̀já Nusrat!"

"Nusrat ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì. Kò bèèrè rẹ̀ mọ́."

Hàlímọ̀ ṣe àsìtàgàfúrúlà, ó sì lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ti gbọ́ pé Memunat ń pọn ajá. Ẹni tó ń sọ ọ́ ní ìparí àdúgbò ní ó tilẹ̀ ń kọrin fún un.

Àgbàlagbà kì í ṣàìní ìwà ọmọdé nígbà kan. Nínú oṣù keje, nǹkan ń lọ déédéé, ìgbéraga sì wọ Memunat lára. Ó fẹ́ kí Hàlímọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i pé ajá náà kò sá fún ààrá mọ́. Ó gbé sípíkà ńlá kan tí Àrẹ̀mú fi sílẹ̀ jáde, ó so fóònù mọ́ ọn, ó sì gbé ààrá náà dé òpin. Ilé mì. Panumọ́ ta sókè, ó da bokẹ́ẹ̀tì ẹ̀wà Hàlímọ̀ nù, ó sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Jíbrílù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe mọ́ṣáláṣí, ìyẹn nìkan ló yọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun, kò sì dé abẹ́ àtẹ̀gùn. Memunat mọ̀ pé òun lòun jẹ̀bi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òun tó ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bá nọ́ọ̀sì tuntun wí ló wá fi agbára mú un. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, sí ààrá tí èèyàn ń fi etí wá.

Oṣù kẹjọ kọjá pẹ̀lú ọ̀dá rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án wọlé. Ó sún mọ́ àkókò àrọ̀kúrò, òjò ìdágbére tó máa ń bá ààrá rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ojú ọjọ́ bá ti ń yí padà, Memunat ti wà nílé pẹ̀lú ọ̀já lọ́wọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò sí nílé. Orí ẹja ló tán, ó lọ sí ọjà Sandgrouse láti rà á, oòrùn sì ń ràn nígbà tó jáde. Ó ń nájà lọ́wọ́ ni ọjà ṣókùnkùn. Atẹ́gùn gbé àwọn aṣọ tí wọ́n fi ṣíji bo àtẹ. Ààrá sán.

"Màmá, ẹ dúró kí òjò dá!" ni obìnrin ẹlẹ́ja ń pè é.

Kò dúró. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún láti ọdún pípẹ́, síbẹ̀ ó ń sáré nínú òjò, omi dé ọrùn ẹsẹ̀, bàtà rẹ̀ kan lọ sínú gọ́tà, kò wẹ̀yìn. Kò tíì di ọ̀já mọ́ ajá. Kò sí ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti ń pe ìrun Alásárì níbi gbogbo, ohùn bàbá kan níhìn-ín, ohùn bàbá kan lọ́hùn-ún, ààrá sì ń gé wọn lẹ́nu. Kì í ṣe Panumọ́ ló ń rò. Ó ń rò ó pé bí ọkùnrin Òbálẹ́ndé bá mú ajá yìí lọ, òun nìkan ni yóò kù tó ń wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, Àrẹ̀mú á sì wá kú tán pátápátá.

Ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Memunat dúró nínú òjò, ó yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n wà nínú ìrun, sáfú méjì àti ààbọ̀. Jíbrílù wà níwájú, ó forí kanlẹ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Memunat wo igun, ó wo ibi tí wọ́n to kùránì sí. Kò sí ajá níbẹ̀.

Ó wá sí abẹ́ àtẹ̀gùn, ó gbé aṣọ ẹnu rẹ̀ sókè. Panumọ́ wà níbẹ̀. Ó ti fa ọ̀já kúrò lára ìṣó tí Memunat máa ń fi í kọ́ sí, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó ń gbọ̀n láti imú dé ìrù. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ṣùgbọ́n kò sáré, kò sì kúrò níbẹ̀. Memunat jókòó tì í lórí àpò ìrẹsì, omi ń kán lára rẹ̀. Kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Ààrá mìíràn sán, ajá náà wọ́ súnmọ́ ọn, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà nínú yàrá. Memunat wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lé Panumọ́ lórí. Irun rẹ̀ tutù, ó le díẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná lábẹ́ irun náà. Memunat ń sunkún, kò sì bínú sí ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ibẹ̀ ni Jíbrílù ti bá wọn nígbà tí wọ́n kírun tán. Ó di búta omi àlùwàlá rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó di jálàbíyà rẹ̀ mú lọ́wọ́ kejì kó má bàa kan ilẹ̀ tútù. Ó rí ọwọ́ Memunat lórí ajá. Memunat kò gbé e kúrò.

"Ó wá," ni Jíbrílù wí. "A ò tíì kábàrà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń wò mí, ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà ń wò ó. Ó wá yí padà, ó gba ibí yìí lọ."

"Kò wọlé, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò wọlé." Ó gbé búta náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Omi nìyí. Fọ ọwọ́ ẹ, kó o lọ kírun, kí àkókò má lọ."

Memunat fẹ́ dìde. Ààrá sán lókè ilé, Panumọ́ sì ki orí bọ abẹ́ apá rẹ̀. Ó wo búta, ó wo Jíbrílù, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe.

"Jókòó," ni Jíbrílù wí. "Àkókò ṣì wà díẹ̀. Jẹ́ kó dákẹ́ ná."

Òun náà sì ká jálàbíyà rẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.